Bí Ọwọ́ Bá Kúrò, Kí Ẹ̀rọ Dúró: Ẹ̀kọ́ Lórí Lílo àti Gbígbé Ẹ̀rọ Ìtúlẹ̀ Kékeré

 

Àsìkò yìí lọ́dọọdún ni a máa ń gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré jáde láti inú yàrá irinṣẹ́. Ẹ mọ èyí tí mo ń wí: ẹ̀rọ tí ènìyàn kan ṣoṣo ń dì mú, tó ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti jẹnẹrétọ̀ ilé lọ. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, "ọmọ tírákítọ̀" ni a ń pè é. Tírákítọ̀ gan-an ni gbogbo wa ń bẹ̀rù; ọmọ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú wa. Mo kọ ẹ̀kọ́ yìí nítorí pé ọmọ tírákítọ̀ yẹn gé ìka ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi méjì, èmi ni mo sì fà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa méjì ti jìn sí i. Ẹ̀yin ẹ wá kọ́ ọgbọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọdún kẹta wa ni. A wà ní oko kan tí a ti lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ní kí àwa méjèèjì tú ilẹ̀ tí wọn yóò gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí. Lífà kan wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Bí a bá fún un mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, eyín ẹ̀rọ á máa yí; bí a bá fi í sílẹ̀, eyín á dúró. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọwọ́ mi ti kú. Mo rí túùbù kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbó nílẹ̀, mo gé rọ́bà lára rẹ̀, mo fi so lífà náà mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni mo dá.

A dé etí ọgbà, kò sí àyè láti yípo. Mo ti jíà sí rìfáàsì, mo ń fi ẹ̀yìn rìn. Gìgísẹ̀ mi kọ gbòǹgbò kan, mo ṣubú, ọwọ́ mi méjèèjì kúrò lára ẹ̀rọ. Ó yẹ kó dúró. Kò dúró. Ó ń bọ̀ wá bá mi níbi tí mo ṣubú sí. Ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣa gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, sáré wá fà mí. Sílípáàsì ló wọ̀. Ó fà mí kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀rọ bá ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Lórí ibùsùn ní ọsibítù, kò bú mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Kí ló dé tí kò dúró?" Màmá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. N kò lè dáhùn. Ọjọ́ kejì ni mo tó padà lọ sọ fún àwọn méjèèjì pé èmi ni mo so lífà náà. Gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1912, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arthur Clifford Howard bẹ̀rẹ̀ sí í dán irin ìtúlẹ̀ tó ń yí wò lóko bàbá rẹ̀ ní Gilgandra, ní ìpínlẹ̀ New South Wales lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ó rí i pé irin náà ń tú ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń da ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó wá tẹ irin náà bíi lẹ́tà L, ìyẹn sì yanjú rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ òde òní, ẹ ó rí L yẹn níbẹ̀. Òun ni mo ń pè ní eyín.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ti àkọ́kọ́, iwájú ni eyín wà, eyín náà ló sì ń fa ẹ̀rọ lọ. Bí irú èyí bá kan ilẹ̀ líle tàbí gbòǹgbò, ó máa ń fò síwájú lójijì, á sì fa ẹni tó dì í mú lọ. Ti ìkejì, ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà, eyín sì wà lẹ́yìn, nítòsí ẹsẹ̀ yín. Èyí máa ń rọrùn láti darí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jíà sí rìfáàsì, eyín ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ká ní eyín ń yí ní ìgbà 150 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìgbà méjì ààbọ̀ nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eyín mẹ́rin bá wà lára àgbá kan, eyín mẹ́wàá ni yóò kọjá lójú kan náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá yára débi pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló gbà yín láti fa ẹsẹ̀ yín kúrò, eyín márùn-ún ti kọjá níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó eyín ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí ààbò wa kò fi lè wà lọ́wọ́ sísáré, lára lífà ló wà.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké, lífà yìí ló ń fa bẹ́líìtì le. Bí ọwọ́ bá kúrò, sípíríńgì á dá a padà, bẹ́líìtì á dẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì kò ní dé ara eyín mọ́, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń dún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà lẹ́yìn òun nìyẹn. Ẹni tó bá so lífà ti parọ́ fún ẹ̀rọ. Ó ti sọ fún un pé ènìyàn wà lórí ìdúró, nígbà tí ènìyàn ti wà nílẹ̀.

Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ẹ dán lífà wò. Ẹ tan ẹ̀rọ níbi tó tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà nítòsí, ẹ fún lífà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí eyín kò bá dúró kíákíá, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ má ṣe lò ó títí wọn yóò fi tún wáyà, sípíríńgì tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe. Bí lífà bá le jù fún ọwọ́, ó lè jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ti gbẹ, ó ń fẹ́ ọ́ìlì. Bí ọwọ́ bá sì rẹ̀ yín, ẹ sinmi, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Ilẹ̀ kò ní sá lọ.

Kí a tó tan ẹ̀rọ

Ẹ kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já. Ẹ ṣa òkúta, ìgò, wáyà àti okùn kúrò. Ibi tí kùkùté igi bá wà, ẹ fi igi tí ẹ so aṣọ pupa mọ́ sàmì síbẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá wà nítòsí ilé, ẹ béèrè ibi tí páìpù omi àti wáyà iná gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó kún fún ẹ̀kan, ẹ ṣán an kí ẹ sì kó o kúrò, nítorí yóò wé mọ́ eyín.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ tó sì le níwájú, àti ṣòkòtò gígùn tí kò fẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò sí sílípáàsì, kò sí ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ fi awò bo ojú, kí ẹ sì fi nǹkan dí etí. Àwọn ọmọdé àti òǹwòran gbọ́dọ̀ jìnnà, nítorí eyín lè ta òkúta.

Ẹ yẹ ọ́ìlì wò, ẹ sì fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì tó di eyín mú. Ìta gbangba ni kí ẹ ti rọ epo, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí sìgá àti iná jìnnà síbẹ̀. Ẹ má sì ṣe tan ẹ̀rọ nínú yàrá irinṣẹ́. Èéfín tó ń pa àwọn ènìyàn tó tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, irú rẹ̀ náà ló ń jáde láti inú sàléńsà ẹ̀rọ yìí. Gáàsì tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

Lórí ilẹ̀

Ẹ má ṣe wá ìjìnlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tú òkè ilẹ̀, kí ẹ padà wá tún un tú, kí ó máa jìn díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ bí àpáta yóò mú kí ẹ̀rọ máa fò; ẹ dúró de òjò. Ilẹ̀ tó rin gbindin náà yóò lẹ̀ mọ́ eyín. Èyí tí ẹ bá mú, tí ẹ fún un mọ́ ọwọ́, tó dì, tó sì tún fọ́nká nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, òun ló dára.

Bí ẹ̀rọ bá fò, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ fi lífà sílẹ̀. Agbára yín kò tó tirẹ̀, kò sì yẹ kó tó o.

Rìfáàsì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ẹ dá eyín dúró ná. Ẹ yíjú wo ẹ̀yìn yín, kí ẹ rí ibi tí ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí táyà nìkan fà á padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí àyè bá wà láti yípo, ẹ yípo, ẹ má ṣe rìfáàsì rárá.

Bí koríko tàbí okùn bá wé mọ́ eyín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró títí ohun gbogbo yóò fi dákẹ́, kí ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ kàn án. Àwọn kan máa ń fo ti púlọ́ọ̀gì. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ń fi ọwọ́ yí eyín, ẹ lè yí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè tajú.

Gbígbé e láti ibì kan sí ibòmíràn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ewu parí nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ṣì wúwo, epo ṣì wà nínú rẹ̀, sàléńsà rẹ̀ sì gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo tó wà lábẹ́ táǹkì.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ lo pákó. Ká ní ẹ̀rọ wúwo tó kílò 60, tí ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 80. Bí pákó yín bá gùn ní mítà 1.2, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo ẹ̀rọ, ìyẹn kílò 40, ni ẹ ó máa fà. Bí pákó bá gùn ní mítà 2.4, ó di ìdá kan nínú mẹ́ta, kílò 20 péré. A kò tíì ka ti ìfararo mọ́ ọn o. Ẹ rí i pé pákó gígùn dára ju apá líle lọ. Ẹ so orí pákó mọ́ ara ọkọ̀ kí ó má bàa yọ̀.

Kí ẹni méjì wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n fi okùn tí a so mọ́ férémù ẹ̀rọ fà á sókè. Kí àwọn tó ń darí rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan máa fi igi dá táyà dúró bó ṣe ń gòkè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ pákó, ní ìdojúkọ ẹ̀rọ. Bí a bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bákan náà ni, kí a máa tú okùn díẹ̀díẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó wà lórí ìdúró. Bí ó bá dùbúlẹ̀, epo lè jò, ọ́ìlì sì lè wọ inú fítà. Ẹ dè é ní igun mẹ́rin, férémù ni kí okùn dì mú, kì í ṣe lífà tàbí wáyà. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ dúró kí ẹ yẹ okùn wò, nítorí gbàgà-gbàgà ọ̀nà wa máa ń tú u. Kí ènìyàn má ṣe jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ènìyàn jókòó sí, bí ẹ bá sì fẹ́ rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kọ́kọ́.

Ẹ kíyè sí i pé okùn inú ọkọ̀ dára, okùn ara lífà burú. Ti inú ọkọ̀ ń dì ẹ̀rọ mú nígbà tí ọwọ́ kò sí lára rẹ̀. Ti ara lífà kò jẹ́ kó dúró nígbà tí ọwọ́ kò sí lára rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi gboyè pẹ̀lú wa. Ó ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n títí di òní, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó máa ń di èjìká mi mú. Kò tún bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Èmi ni mo máa ń bi ara mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní fún yín. Ẹ lọ sí yàrá irinṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wo abẹ́ ọwọ́ gbogbo ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí rọ́bà, okùn tàbí wáyà tí ẹnì kan fi so lífà, ẹ má ṣe béèrè ẹni tó so ó. Ẹ gé e.