Bí Ẹ Bá Gbé Fóònù Lé Àgbà Lọ́wọ́

Ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní Àkùngbá ló kọ́kọ́ gbé e wá bá mi nílé ní Ìwárò Ọ̀kà. “Bàbá, ẹ wá ta ayò.” Mo wo fóònù náà títí. Ayò wo ni kò lọ́pọ́n? Mo sáà ta á. Ẹ̀rọ yẹn jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, oorun ò sì kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ta á, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà sọ.

1. Ohun tí àgbà mọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé eré oníbọn wá bá ìyá yín. Ayò ń bẹ nínú fóònù, dráfútì ń bẹ, lúdò ń bẹ. Ilé méjìlá ni ayò ní, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ máa fọkàn ka iye ọmọ tó wà nínú odù, kó máa ṣọ́ ilé ẹnìkejì, kó sì ti mọ ibi tí ọmọ tó gbẹ̀yìn yóò já sí kó tó gbọ́wọ́ sókè. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn.

2. Ẹ jókòó tì wá. Èyí ló dùn mí jù. Ẹ ó ti Èkó dé nígbà ọdún, ẹ ó ra fóònù ńlá, ẹ ó fi eré méje sínú rẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lábẹ́ igi tí a ti ń ta ayò láyé ijọ́un, àwọn òǹwòran ló ń dá ìjà sílẹ̀: wọ́n á pè ọ́ ní ọ̀pẹ, wọ́n á fi ìyàwó rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ náà á dá a padà fún wọn. Ariwo yẹn wà lára oògùn. Fóònù kò lè bú èèyàn. Ẹ bá wa ta á, ẹ má sì fi àánú jẹ́ ká borí, a mọ̀.

3. Ẹ má já fóònù gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ìka wa wá ibi tí yóò tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, kí ẹ sì wo ojú àti etí wa kí ẹ tó ní iyè wa ti ń rá. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ ka nǹkan 14 sílẹ̀ ní ọdún 2024 tó ń fa àrùn ìgbàgbé, tí a sì lè ṣe nǹkan sí: etí tó ń di àti ojú tó ń ṣú wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, dídá nìkan gbé náà wà níbẹ̀.

4. Ẹ má ra ìlérí. Lọ́dún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ́wọ́ àwọn tó ń ta eré Lumosity, torí wọ́n ń polówó pé ó ń lé ìgbàgbé ọjọ́ ogbó sẹ́yìn láìní ẹ̀rí tó tó. Síbẹ̀, kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ òfo. Wọ́n kó àgbà 2,802 jọ ní Amẹ́ríkà, láti ẹni ọdún 65 sókè. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ọgbọ́n ìrántí, àwọn kan ní ọgbọ́n ìrònú, wọ́n sì kọ́ àwọn kan lórí kọ̀ǹpútà bí ojú ṣe ń tètè mú nǹkan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ewu àrùn ìgbàgbé fi nǹkan bí 29 nínú ọgọ́rùn-ún dín fún àwọn ti kọ̀ǹpútà yìí sí ti àwọn tí a kò kọ́ ní nǹkan kan. A kò rí irú rẹ̀ lára àwọn méjì yòókù. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé irú eré tí èèyàn ń ṣe ṣe pàtàkì.

5. Ẹ má fi fóònù rọ́pò oko, ọjà àti ìpàdé ẹgbẹ́. Ní 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò àwọn àgbà Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé lọ́dọọdún, nǹkan bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn ìgbàgbé ń mú ní Ìbàdàn, 3.24 ni ti Indianapolis. Ta ló ń fi fóònù ta ayò ní Ìdíkàn nígbà yẹn?

6. Bí ìyá àgbà bá lọ sọ́jà Ìkàrẹ́ tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ẹ má pè é ní àjẹ́. Ẹ má sì ṣí eré fún un. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ibà tàbí oògùn tó ṣì lò pàápàá lè da orí àgbà rú.

7. Ẹ pa dátà bí a bá ń ta á. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti nu ọpọ́n ayò àtijọ́, mo ti gbé e síta. Ọgbọ́n kan wà tí mo kọ́ lára fóònù rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀.