Mọ Orin Rẹ Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti ń tu owó jọ láti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, èyí tí wọ́n ń pè ní MP3. Ohun tó dára ni. Àmọ́ má tíì gba ọ̀nà ọjà lọ. Jókòó ná, kí o bi ara rẹ ní ìbéèrè mẹ́ta: Orin wo ni mò ń gbọ́? Ibo ni mo ti máa ń gbọ́ ọ? Báwo ni orin náà ṣe ń tẹ̀ mí lọ́wọ́? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí ọlọ́jà bá fẹ́ tà ni yóò rà.

Bó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo orin rẹ wà, tí o ń sanwó oṣooṣù lé e lórí, fóònù rẹ ti tó ọ. Má fi owó ṣòfò. Ẹni tí orin rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún: orin tó rà, èyí tó gbà sílẹ̀ láti inú CD bàbá rẹ̀, ìwàásù tàbí wáàsí tó fẹ́ràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò dá bátìrì fóònù rẹ̀ sí, ìpè kò ní já lu orin rẹ̀, kò sì ní wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri lójú ọ̀nà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ àyè dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Saehan ní Gúúsù Kòríà gbé MPMan jáde ní 1998, tó ṣíwájú irú ẹ̀rọ yìí dé ọjà, MB 32 péré ni àyè inú rẹ̀. Orin MP3 tí wọ́n fún pọ̀ dé kbps 128 ń gba nǹkan bíi MB kan fún ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìdajì wákàtí ni ẹ̀rọ náà lè gbé. Ojú kan àwo Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé ayé ijọ́un sì lè tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ojú kejì kò ní lè wọlé tán. Ní oṣù Kẹwàá 2001, Apple fi iPod hàn pẹ̀lú GB 5, wọ́n ní ó gba ẹgbẹ̀rún orin. Lónìí, kádì GB 32 tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ gba orin kbps 320, tí ohùn rẹ̀ dán ju ti 128 lọ dáadáa, fún wákàtí tó lé ní igba. Ìgbà wo lo fẹ́ gbọ́ ọ tán?

Ohun tó yẹ kó jẹ ọ́ lógún ni bí ẹ̀rọ náà ṣe ń bá orin tìrẹ lò. Orin jùjú àti fújì ayé àwo kì í sábà dúró lójú kan náà: orin kan ń wọ inú òmíràn, ìlù kì í já. Bí wọ́n bá ti gé irú rẹ̀ sí fáìlì ẹyọ-ẹyọ, àwọn ẹ̀rọ kan máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín fáìlì méjì, ijó á sì bàjẹ́. Dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: tẹ orin méjì tó so mọ́ra, kí o fetí sí oríta wọn. Pa ẹ̀rọ náà láàárín orin gígùn, kí o tún un tàn, kí o wò bóyá ibi tó dé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kọ ẹ, ọ àti ṣ sínú orúkọ fáìlì kan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú máa ń sọ wọ́n di àmì ìbéèrè. Wò ó pẹ̀lú bóyá o lè to Haruna Isola sí àyè tirẹ̀, kí Ayinla Omowura wà ní tirẹ̀.

Wàyí o, ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara páálí. Etí ọmọ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀dọ́, kì í gbọ́ ohùn tó ga ju 20,000 Hz lọ. CD ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí sì tó láti gbé gbogbo ohun tí etí lè gbọ́. Nítorí náà, má fowó kún owó torí 192,000 tí wọ́n kọ gàdàgbà. Kádì náà ńkọ́? Òmíràn wà tí wọ́n kọ GB 512 sí lára, tí kò sì gbà ju GB 8 lọ. Yóò gba orin rẹ láìjiyàn, lẹ́yìn náà ni yóò máa pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Kún un dé ẹnu lọ́jọ́ tí o bá rà á, kí o tẹ orin àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, kí o tó jáde lọ́dọ̀ ọlọ́jà. Bi í pẹ̀lú bóyá ẹ̀rọ náà ń ka kádì tó ju GB 32 lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í kà á.

Bí owó kò bá pọ̀, dín ti ẹ̀rọ kù kí o fi kún ti earpiece. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ohùn wà jù. Fi orin àpàlà dán an wò: ṣé o ń gbọ́ agídìgbo nísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ó bo ohùn olórin mọ́lẹ̀? Fi ti jùjú kún un: ṣé ohun tí gángan ń sọ yé ọ? Bí kò bá yé ọ, gbé e sílẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Bí rédíò FM bá wà lára ẹ̀rọ náà, rántí pé okùn earpiece ló sábà máa ń ṣe ẹ̀rìyà rẹ̀. Èyí tí kò ní okùn kò ní lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Èyí tó kàn yìí ló ká mi lára jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohùn tó tó dẹ́síbẹ̀lì 80, ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ni etí lè fara dà láìséwu. Bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Irun wẹ́wẹ́ inú etí tó bá ti kú kì í hù mọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti dánfó ló ń mú kí ẹ máa yí ohùn sókè. Nítorí náà, ra earpiece tó dí etí dáadáa kí o lè gbọ́ orin ní ohùn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n yọ ọ́ létí bí o bá ń sọdá títì tàbí tí o wà lórí ọ̀kadà. Ẹ̀rọ bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń ta etí.

Ní oṣù Karùn-ún 2022, Apple kéde pé àwọn kò ní ṣe iPod mọ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀, má so orin rẹ mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Yan èyí tó ń gba kádì, tó sì ń ka fáìlì MP3 àti irú fáìlì orin mìíràn tí wọ́n ń pè ní FLAC, kí o ní ẹ̀dà mìíràn nílé. Ra orin lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Olórin tí wọ́n ń fi ọgọ́rùn-ún orin rẹ̀ kún kádì ní owó táṣẹ́rẹ́ kì í rí nǹkan kan níbẹ̀, òógùn ojú rẹ̀ sì ni.

Ó yá, wá ogún orin tí o fẹ́ràn jù, kó wọn sórí kádì kan, kí o mú un lọ sọ́jà pẹ̀lú earpiece tìrẹ. Fi wọ́n dán gbogbo ẹ̀rọ tí agbára rẹ ká wò. Èyí tó bá gbé ogún orin náà jáde bó ṣe yẹ, òun ni kí o sanwó rẹ̀.