Ilé Báńkì Àtijọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ohun Àjogúnbá ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá dárúkọ ohun àjogúnbá ní ilẹ̀ Ọ̀kun, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn wa ni oyè Ọbárò ti Kábà, egúngún, oríkì, àti aṣọ ìpò pupa tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun fún ẹ̀yẹ òkú. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ilé tí a fi sìmẹ́ńtì àti páànù kọ́ kò sí lára rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ilé báńkì tí a ti pa tì ní àwọn ìlú wa jẹ́ ìwé ìtàn, àti pé bí a kò bá tètè kà á, a ó wó o tán kí ẹnikẹ́ni tó kà á.

Bí Báńkì Ṣe Dé Ìgbèríko

Kí báńkì tó dé, owó ẹyọ ni à ń ná. Èésú àti àjọ sì ni ọ̀nà ìfowópamọ́. Ní 1894 ni a dá Bank of British West Africa sílẹ̀. Òun ni ó ń kó owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì wọ Èkó, kí ìjọba amúnisìn tó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1912. Báńkì yìí kan náà ni ó di First Bank of Nigeria ní 1979. Àwọn ọmọ Yorùbá náà dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní 1933.

Ìlú èbúté, ìlú ojú irin àti ìlú ìjọba ni àwọn báńkì ìṣáájú ń wá. Ní 1977 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò kalẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko. Ní 1990 ni ètò báńkì àwùjọ bẹ̀rẹ̀, nínú èyí tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ra ìpín. Àmọ́ nígbà tí 2005 fi parí, àtúntò ti sọ báńkì 89 di 25. Báńkì àwùjọ tí kò bá sì kúnjú òṣùwọ̀n láti di báńkì aláwìn kékeré nígbà tí 2007 bá parí ní láti kógbá sílé. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe ṣófo.

Iyì Tí Ó Wà Nínú Wọn

Èkíní ni ìtàn ọrọ̀ ajé. Owó kofí, kòkó àti iṣu, owó oṣù olùkọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì gba orí káńtà wọ̀nyí kọjá. Ibi tí a kọ́ báńkì sí ń fi hàn wá ibi tí ọkàn ìlú wà nígbà náà.

Èkejì ni ìmọ̀ ilé kíkọ́. Ògiri yàrá owó nípọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, fèrèsé rẹ̀ kéré. Ilé náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ́kẹ̀lé àti ìbẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Báńkì, àkáǹtì, kaṣíà àti ṣẹ́ẹ̀kì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò; ilé ìfowópamọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀dá; ìtẹ̀ka sì ń rán wa létí àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé, tí wọ́n fi àtàǹpàkò gba owó wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ìrántí, tí ó lè jẹ́ ti ìbànújẹ́. Ní oṣù Òkúdu 2020, àwọn adigunjalè kọlu báńkì àti àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìsánlú, wọ́n sì pa àwọn ọlọ́pàá. Ìlú tí ó bá gbàgbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé àwọn tí ó kú fún un.

Ewu àti Àtakò

Òfin nìkan kò tó. Wọ́n kéde Ilé Ilójo ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ilé tí òfin dáàbò bò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ilé náà ní olówó, àti pé ṣọ́ọ̀bù ni ìlú nílò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títọ́jú ilé kò ní kí a má lò ó. Ẹ̀wọ̀n Broad Street àtijọ́ ní Èkó di Freedom Park ní 2010, níbi tí eré orí ìtàgé àti orin ti ń wáyé lónìí. Ilé báńkì lè di ilé ìkàwé. Yàrá owó rẹ̀ lè gba ìwé àkọsílẹ̀ ìlú, bí a bá kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún atẹ́gùn, nítorí ọ̀rinrin a máa ba ìwé jẹ́.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, iṣẹ́ yìí kò nílò owó púpọ̀. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilé àti àwọn àgbà ìlú. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ilé náà, kí wọ́n yà á, kí wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lẹ́nu wò. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè tí a fi sọ ọ́, ìbáà jẹ́ Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ilé-ìwé, ẹ fi òmíràn sí ààfin.

Ìkádìí

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Owó ti kúrò nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọrọ̀ kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Àwọn tí ó mọ ìtàn wọn ń dàgbà lọ, ẹlòmíràn nínú wọn sì ti lọ. Kí a tó gbọ́ ìró katakata, ẹ jẹ́ kí a ti gbọ́ ohùn wọn.