Ẹ Kú Ewu Ọmọ: Abiyamọ àti Eré Ọlọ́nà Jíjìn ní Berlin àti Hamburg

Nígbà tí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a gbọ́ ohùn ìyá tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé ń mú wọlé ni "Ẹ kú ewu ọmọ". Ó sì di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, tí omi àti aṣọ ọmọ bá ti gba ọwọ́ ìyá pátápátá, kí ìkíni náà tó yí padà sí "Ẹ kú ọwọ́ lómi". Àwọn tó dá ìkíni méjèèjì yìí sílẹ̀ (mo fura pé ìyá àgbà ni wọ́n, nítorí baba kì í sí nínú yàrá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le) kò ṣèèṣì fi ewu ṣáájú iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bímọ, ogun ló ti dé, a kì í sì í sọ fún ẹni tó ti ogun dé lánàá pé kó tún gbé ọ̀kọ̀ rẹ̀ kó máa bọ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kan wà tí ogun mìíràn ń dúró dè. Eré sísá ni iṣẹ́ wọn, eré ọlọ́nà jíjìn tí à ń pè ní Marathon, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbéra láti Ìbàdàn, yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ó tó parí rẹ̀. Berlin ti ń sá a láti ọdún 1974, nígbà tí ènìyàn 286 péré jáde sínú igbó Grunewald. Hamburg, ìlú èbúté tó wà létí odò Elbe, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1986. Bí abiyamọ ṣe ń padà sójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìfi ara rẹ̀ ṣòfò ni ohun tí orí ìwé yìí fẹ́ là yé wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ara fúnra rẹ̀. Ilé-ọmọ tó ti wú fún oṣù mẹ́sàn-án ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó sún kì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, láàárín egungun ìbàdí, ni àwọn iṣan kan wà tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí wọ́n gbé ilé-ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun dúró. Oyún ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ọmọ sì ti lè gba àárín wọn kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni eré sísá kì í ṣe ẹgbẹ́ ìrìn, nítorí nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀, ìwúwo tó ju ìlọ́po méjì ti ara lọ ni ó ń dé bá egungun àti iṣan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà sì ni ẹsẹ̀ ń kanlẹ̀ nínú eré kan ṣoṣo. Bí ẹní yẹn bá ṣì dẹ̀, ìtọ̀ á máa já láìròtẹ́lẹ̀, tàbí kí obìnrin máa rò pé nǹkan kan fẹ́ já bọ́ lábẹ́ òun. Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú, àmì ni, ó sì yẹ kí dókítà tàbí agbẹ̀bí gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dànù nígbà ìkúnlẹ̀, oorun tí kò kún ojú, àti ọmú tí ọmọ ń mu tọ̀sán tòru, inú agbára kan náà ni gbogbo wọn ti ń bù.

Àwọn ìyá wa mọ èyí láìka ìwé. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń wẹ ìyá ìkókó, aṣọ tí wọ́n fi ń di ikùn rẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń gbé ka iwájú rẹ̀, àti ìyá tó bí i tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ tó di ẹrù wá láti ọ̀nà jíjìn láti jókòó tì í, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ: sinmi. Ní Jámánì, níbi tí Berlin àti Hamburg wà, òfin ló ń sọ ọ́. Títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò fi pé lẹ́yìn ìbímọ, agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi ìyá ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, tàbí tí oṣù ọmọ kò pé kí a tó bí i, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni. Agbẹ̀bí, tí wọ́n ń pè ní Hebamme, a máa wá bá ìyá nílé láti wo òun àti ọmọ rẹ̀, owó ìlera tí à ń yọ lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń san án. Owó yìí kan náà ló ń san wákàtí mẹ́wàá fún ẹ̀kọ́ ìdárayá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rückbildung, níbi tí àwọn ìyá ti ń kọ́ bí a ṣe ń fún iṣan ìsàlẹ̀ yẹn pọ̀ tí a sì ń tú u sílẹ̀, títí yóò fi tún ki. Ọmọ Yorùbá tó bá bímọ sí Berlin, tí ìyá rẹ̀ ń bẹ ní Òṣogbo tí kò rí físà gbà, kí ó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú agbẹ̀bí yìí o, nítorí òun ni ìyá àgbà tí ìjọba rán sí i.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú iṣan mẹ́ta gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ìyá tó ń sáré: kí ẹnikẹ́ni má sá eré kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ó sì lè sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan, láìsí ìrora, láìsí ìtọ̀ tó ń já. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa sá díẹ̀, tí yóò sì máa rìn díẹ̀. Ọ̀nà tó yí adágún Alster ká ní Hamburg, tó jẹ́ bíi kìlómítà méje àti ààbọ̀, tẹ́jú, ó sì bá irú àbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí obìnrin tó yá jù ú lọ nínú Marathon nígbà náà, rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ lára ara rẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó tètè padà sẹ́nu ìdánrawò, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì sán, ó sì di dandan kí ó tún jókòó. Lẹ́yìn tí ó jókòó tán ni ó gba ipò kìíní ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Irina Mikitenko ni kí á wá wò, a-sáré-bí-ẹtu, abiyamọ ọlọ́jà gbọọrọ. Ní Kazakhstan ni wọ́n ti bí i, ó dé Jámánì ní 1996, ó sì bí ọmọ rẹ̀ kejì ní 2005. Kò kánjú. Ní 2007 ni ó tó sá Marathon àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní Berlin, ó sì ṣe ipò kejì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 36, ó parí rẹ̀ ní ìlú kan náà ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú-àáyá 19, eré tí obìnrin Jámánì kankan kò tíì sá rí. Nígbà tó di 2011, òun ló tún ṣe ipò kejì ní Berlin. Florence Kiplagat ará Kenya ló ṣíwájú rẹ̀, Radcliffe tí ọmọkùnrin rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan gan-an sì tẹ̀lé e. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti di abiyamọ.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn tètè gbà fún. Fabienne Königstein bímọ ní 2022, ó sì sá eré Hamburg ní 2023 ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 25 àti ìṣẹ́jú-àáyá 48, ó sì yá ju bó ṣe ń sá kí ó tó bímọ lọ.

Síbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ni Katrin Dörre-Heinig, ọmọ Leipzig. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ bàbà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Seoul ní 1988. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀lé e ni ó bí ọmọbìnrin kan, ọmọ náà kò sì tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà tí odi Berlin wó, tí Ìlà-Oòrùn Jámánì, orílẹ̀-èdè tí ìyá rẹ̀ ń sá eré fún, sì bẹ̀rẹ̀ sí pòórá. Ìyá jókòó, ó tọ́jú ọmọ, ó padà. Ó gba ipò kìíní ní London ní 1992, 1993 àti 1994, ó sì tún gba ti Frankfurt lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra. Eré tó yá jù ní gbogbo ayé rẹ̀ kò wá títí di 1999, ní Hamburg, nígbà tí ọmọ ti ń lọ sí ilé-ìwé: wákàtí 2, ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú-àáyá 35.

Ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ni yóò jọ. Katharina, ọmọbìnrin yẹn, dàgbà, ìyá rẹ̀ sì di olùkọ́ rẹ̀ lórí pápá. Ó ṣe ipò karùn-ún ní Berlin ní 2016. Ní 2024, ní Osaka ní ilẹ̀ Japan, ó sá a ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 24 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56, tó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú-àáyá 21 ló kù kí ó bá ìyá rẹ̀.