Agbọ́n Kékeré Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Là

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, màmá àgbà mi pè mí láti Ìwòròkò, wọ́n ní kí n bá àwọn ra oògùn kòkòrò bọ̀ láti Adó. Ewé orí ẹ̀gẹ́ wọn ti ká jọ, nǹkan funfun bí ẹfun sì bo ẹ̀yìn ewé. "Tí ẹ̀gẹ́ yìí bá bàjẹ́, kí ni màá fi san èésú?"

Mi ò ra oògùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo oko, torí ìmọ̀ kòkòrò ni mò ń kọ́.

Nǹkan funfun yẹn, kòkòrò ni. Phenacoccus manihoti lorúkọ rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá, lòun náà ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1973 ni wọ́n rí i ní agbègbè Kóńgò, kò sì pẹ́ tó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Abo ni gbogbo wọn, wọn ò nílò akọ kí wọ́n tó bímọ. Ẹyọ kan péré tó bá bọ́ sóko lè di ogunlọ́gọ̀! Kí ló dé tí kò fi dà wọ́n láàmú tó bẹ́ẹ̀ nílé rẹ̀? Ọ̀tá rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó sọdá òkun, ọ̀tá ò bá a wá.

Làwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn bá ní, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ mú ọ̀tá náà wá. Hans Herren, ọmọ Switzerland, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní 1981, wọ́n rí kòkòrò yìí ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n tó ń pa á, Anagyrus lopezi. Wọ́n kọ́kọ́ sé e mọ́lé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó má lọ kó wàhálà míràn wọ̀lú. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ó dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Herren sì gba World Food Prize ní 1995.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Agbọ́n yìí ò gùn ju mìlímítà 2 lọ, kì í sì í ta èèyàn. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ìdin tó bá pa á á jẹ inú kòkòrò yẹn títí á fi kú, òkú rẹ̀ á wú, á sì le. Agbọ́n tuntun á wá dá ihò sí i lára, á jáde, á wá òmíràn lọ.

Mo ká ewé díẹ̀ sínú ìgò, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn agbọ́n tíntìntín ti ń rìn nínú ìgò. Mo gbé e lọ fún màmá àgbà. Mo ní, "Màmá, ọlọ́pàá oko yín rèé. Tí ẹ bá fín oògùn, ẹ ó pa ọlọ́pàá pọ̀ mọ́ olè. Ìda funfun tó bo olè lára kì í sì í jẹ́ kí oògùn ràn án bọ̀rọ̀."

Wọ́n wo ìgò títí. "Ṣé àwọn yìí náà á gba owó iṣẹ́?"

Rárá o. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa kòkòrò náà tán pátápátá. Wọ́n kàn ń jẹ́ kó mọ níwọ̀n ni. Torí náà, igi ẹ̀gẹ́ tí kò ní kòkòrò lára ni kẹ́ ẹ máa gbìn. Tẹ́ ẹ bá sì rí funfun lẹ́yìn ewé, ẹ má sáré ra oògùn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọlọ́pàá ti dé.