₦500 Nínú ₦10,000: Ṣé Ẹ Máa Gbà Á?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan fún mi ní ₦10,000, ó ní kí n bá yín pín in. Èmi ni mo máa dá iye tiyín. Bí ẹ bá gbà, kálukú mú tirẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí kọ́bọ̀. Bí mo bá wá yọ ₦500 fún yín ńkọ́?

Mo bi àwọn alábàárù kan tó ń já ẹrù ní Àpápá GRA. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé owó yín! Ká kúkú jọ pàdánù ẹ̀," ni ọ̀kan sọ.

Kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Láti ìgbà tí Werner Güth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé eré yìí jáde ní Jámánì ní 1982, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ owó táṣẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ sàn ju òfo lọ. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń fìyà jẹ arẹ́nijẹ.

Àmọ́ iye tí wọ́n ń yọ fún ẹnì kejì kò dọ́gba káàkiri. Ní 2001, Joseph Henrich àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àbájáde eré yìí láwùjọ kéékèèké 15. Àwọn Machiguenga ní Peru, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dá oko tiẹ̀ ro, yọ nǹkan bí ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ará Lamalera ní Indonesia, tí wọ́n ń pa àbùùbùtán lójú òkun, yọ nǹkan bí ìdá 58! Ẹnì kan ò ṣáà lè dá àbùùbùtán pa, bí alábàárù kan ò ṣe lè dá tirélà já.

Àwọn Au àti Gnau ní Papua New Guinea ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn kan níbẹ̀ kọ owó tó ju ìdajì lọ: lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó gba ẹ̀bùn ńlá ti wọ gbèsè nìyẹn, olówó sì lè bèèrè rẹ̀ nígbàkigbà.