Ẹ Wo Táyà Kí Ẹ Tó Tú Dáṣíbọ́ọ̀dù
Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìkòtún àti Ìgàndò, bí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré bá ń gbọ̀n nínú Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lọ́dún 1975, ẹ má sáré tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì. Ihò onígun mẹ́rin tó wà lára ìdérí gíríìsì ibẹ̀ ló ń yí kébù tó ń darí abẹ́rẹ́ náà. Bí ihò náà bá ti jẹ, kébù á máa yọ̀. Bí kébù bá gbẹ, abẹ́rẹ́ á máa fò. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á; bó bá pọ̀jù, á ba aago eré jẹ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o: awakọ̀ tí kò mọ bí eré rẹ̀ ṣe tó, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré.